Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kì í San Owó

Ní Òkè-Lísà, l'Óǹdó, ilé ń wo ara wọn lójú
bí àwọn àgbà tó ti ń bára wọn jà tipẹ́
tí wọn ò sì lè sùn láìgbọ́ ohùn ara wọn.
Ibẹ̀ ni wọ́n rán mi lọ, tèmi ti téèpù àti pẹ́ńsùlù:
ilé mẹ́rìnlélógún, kó má wọ́n,
kí tíṣà lè san án, kí ọmọṣẹ́ aránṣọ lè san án,
kí opó tó ń fọṣọ fún ni lè ti ilẹ̀kùn tirẹ̀.
Orí ilẹ̀ náà ni ìsọ̀ kòkó Bàbá Akínrìnmádé wà rí.
Ìsọ̀ ti wó. Òórùn kòkó kò tíì wó.
Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yẹn a rùn bí àpò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi wo àdúgbò kí n tó fa ìlà.
Mo wọn fèrèsé: gíga rẹ̀ tó fífẹ̀ rẹ̀ lọ́nà méjì.
Mo wọn etí òrùlé: ó na ọwọ́ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta
kí òjò má baà na ògiri amọ̀ lẹ́gba.
Mo wọn àtẹ̀gùn iwájú ilé,
ó ti jẹ láàárín bíi ṣíbí
níbi tí ọgọ́ta ọdún ti ń jókòó.

Àwòrán mi àkọ́kọ́, ojú ń tì mí láti sọ ọ́:
mo kó òdòdó sìmẹ́ńtì àti kìnìún orí òpó
tí àwọn olówó kòkó fi ṣẹ̀ṣọ́ iwájú ilé wọn,
mo lẹ̀ wọ́n mọ́ àpótí búlọ́ọ̀kù alájà mẹ́rin.
Mo rò pé mo ti dárà.
Màmá Fadékẹ́mi tó ń gbé òdìkejì títì
wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí.
"Ọmọ yìí," ó ní, "ta ló wé gèlè fún pósí?"

Mo ká bébà mi. Mo lọ sílé. N kò sùn.

Ní káńsù, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátìrẹ̀ oníṣirò
fi bírò tọ́ka sí ìlà kan nínú àwòrán kejì.
Kí lèyí?
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, sà.
Ta ni yóò san owó rẹ̀?
Ẹnì kankan kì í san owó ọ̀dẹ̀dẹ̀, sà.
Ẹ yọ ọ́. Yàrá mẹ́rin ló jẹ.
Kì í ṣe ìkà. Yàrá mẹ́rin, ìdílé mẹ́rin ni,
bóyá ọ̀kan nínú wọn ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo mọ̀. Òun ló dùn mí jù.
Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí òjò ká mọ́ títì yóò yà sí
láì kan ilẹ̀kùn, láì dárúkọ bàbá rẹ̀?

Mo gé ẹsẹ̀ bàtà kan lára yàrá kọ̀ọ̀kan.
Mo kọ ẹ̀yìn ilé ìdáná síra wọn
kí páìpù kan lè fún ìdílé méjì lómi.
Mo sọ alájà mẹ́rin di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo,
mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bíríkì láti inú amọ̀ òkè náà,
pupa rẹ̀ kò ní í ṣàlejò.
Yàrá méjì ni mo pàdánù, kì í ṣe mẹ́rin.
Méjì yẹn ṣì ń pè mí lóru.

Ní Sátidé, a fi eérú fa ilé náà sórí ilẹ̀
bó ṣe máa tóbi gan-an.
Màmá Fadékẹ́mi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kọjá títì.
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Ó gba àárín ìlà méjì wọlé, kò tẹ eérú,
ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó fẹ̀yìn ti ògiri tí kò tíì sí.
"Oòrùn ò ní dé ibí nírọ̀lẹ́," ló wí.
Ó dákẹ́. Ó tún ní:
"Ṣé ẹ ti ń kọ orúkọ? Ọmọ ọmọ mi kan wà l'Ọ́rẹ̀."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ.
Ìwé náà wà lórí tábìlì ẹlòmíràn,
atẹ́gùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó eérú,
láti ìhà ilé ìdáná.